Fífi Ọ̀rọ̀ Kún Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà Láti Ojú Ìlà Àṣẹ: Àṣẹ `logger` àti Èdè Yorùbá Nínú Ẹ̀rí Ẹ̀rọ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí òǹlò kọ̀ǹpútà ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń pa mọ́, nípa lílo àṣẹ `logger`. Ó tọpa ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá, ó sì tú ẹ̀yà ara àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan palẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ó fún ní àyè tí ó pọ̀ jù. Èkíní ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà àti àmì ohùn Yorùbá nígbà tí wọ́n bá wọ inú ètò tí a kò dá sílẹ̀ nítorí wọn. Èkejì ni ìwọ̀n ìgbàgbọ́ tí ó yẹ kí onímọ̀ ní nínú ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè kọ. Àbá tí ó wà níbẹ̀ wúlò ní pàtàkì fún àwọn tí ń tọ́jú ohùn, àwòrán àti ìwé Yorùbá sórí sáfà.

Ọ̀rọ̀ ìperí: àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, syslog, `logger`, àmì ohùn, Unicode, ibi ìpamọ́ dátà

1. Ìfáàrà

Kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́. Bí ẹnìkan bá wọlé sórí rẹ̀, bí àyè ìpamọ́ rẹ̀ bá fẹ́ kún, bí iṣẹ́ tí a dá àkókò fún bá bẹ̀rẹ̀ ní òru, ẹ̀rọ náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn alábòójútó máa ń yẹ̀ wò nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹlò kò fura sí ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan síbẹ̀. Ènìyàn náà lè kọ ọ́, yálà nípa títẹ àṣẹ kan ṣoṣo tàbí nípa fífi àṣẹ náà sínú ètò ìṣiṣẹ́ kékeré tí ń dá ṣiṣẹ́.

Ọ̀ràn yìí kan ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Ohùn ìjálá, oríkì, ẹsẹ Ifá àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ti ń di fáìlì tí a ń tò sórí sáfà. Ọ̀pọ̀ sáfà bẹ́ẹ̀ ni Linux ń darí, ètò ìṣiṣẹ́ kéékèèké ni ó sì máa ń ṣe àdàkọ fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn nígbà tí ènìyàn ti sùn. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè pé ìgbà wo ni a ṣe àdàkọ ohùn kan, ta ni ó ṣe é, fáìlì mélòó ni ó sì sọnù lójú ọ̀nà, ìrántí ènìyàn kò ní tó láti dáhùn. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ lè dáhùn, bí ẹnìkan bá ti kọ́ ọ bí yóò ti sọ̀rọ̀.

2. Ibi tí ètò náà ti ṣẹ̀ wá

Ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní àwọn ọdún 1980, ni Eric Allman ti dá syslog sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ Sendmail, ètò tí ń gbé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà kiri. Kí ó tó di pé irú ètò bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ibi tí yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn syslog rọrùn: kí olùgbà kan ṣoṣo wà, kí gbogbo ètò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, kí òun sì pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò lọ. Èrò náà tàn kálẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ Unix fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ìwé RFC 3164 jáde láti ṣe àpèjúwe ohun tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2009 ni RFC 5424, tí Rainer Gerhards kọ, gba ipò rẹ̀. Gerhards yìí kan náà, tí ó jẹ́ ará Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ rsyslog, ọ̀kan lára àwọn olùgbà tí a ń lò jù lórí Linux.

Àyípadà mìíràn dé pẹ̀lú systemd, tí ó ní olùgbà tirẹ̀ tí a ń pè ní journald. Kì í kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì lásán tí ojú lè kà. Inú fáìlì alákànṣe ni ó ń tò ó sí, àṣẹ `journalctl` ni a sì fi ń kà á. Láti orí Debian 12, tí ó jáde ní ọdún 2023, rsyslog kì í bá ẹ̀rọ tuntun wá mọ́ àfi bí alábòójútó bá fi kún un. Nínú gbogbo àyípadà yìí, àṣẹ `logger` kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ó wà nínú ìlànà POSIX, ìdí sì nìyí tí ohun tí a bá kọ́ nípa rẹ̀ fi wúlò lórí Linux, lórí ẹbí BSD àti lórí macOS, bí àwọn àṣàyàn kéékèèké tilẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí Linux, tí ó wà nínú àkójọ util-linux, ni àlàyé tí ó tẹ̀lé yìí dá lé.

3. Ẹ̀yà ara ọ̀rọ̀ kan

Ọ̀nà tí ó kúrú jù láti lo àṣẹ náà nìyí:

`logger "Àdàkọ ohùn ti parí"`

Kò sí èsì kankan lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí `/var/log/syslog` lórí Debian tàbí Ubuntu tí ó ní rsyslog, tàbí `/var/log/messages` lórí ẹbí Red Hat, irú ìlà yìí ni a lè bá níbẹ̀:

`Mar 14 02:10:07 ipamo olootu: Àdàkọ ohùn ti parí`

Apá mẹ́rin ni ìlà náà ní: àkókò, orúkọ ẹ̀rọ, àmì ìdánimọ̀ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Onímọ̀ ìtàn yóò tètè ṣàkíyèsí pé ọdún kò sí nínú àkókò náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ àgbègbè tí aago náà ń tẹ̀lé. Bí RFC 3164 ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ nìyẹn. RFC 5424 ṣe àtúnṣe sí i: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí àti ìyàtọ̀ sí àkókò àgbáyé ni ó ń kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wúlò lẹ́yìn ọdún kan ní láti rí i dájú pé irú àkókò kejì yìí ni olùgbà rẹ̀ ń kọ sílẹ̀.

Bí a kò bá sọ àmì ìdánimọ̀, orúkọ òǹlò ni `logger` yóò fi síbẹ̀. Àṣàyàn `-t` ni a fi ń yan òmíràn. Ohun kan tí ojú kì í rí tún wà: nọ́ńbà tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó ń lọ sọ́dọ̀ olùgbà. Nọ́ńbà yìí sọ ohun méjì pọ̀, ìyẹn ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ ti wá àti bí ọ̀rọ̀ ti le tó. Ẹ̀ka 24 ni ó wà, láti 0 dé 23. Kernel ni 0, òǹlò lásán ni 1, lẹ́tà orí ẹ̀rọ ni 2, ọ̀rọ̀ ìwọlé ni 4 àti 10. Àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn, láti `local0` dé `local7`, wà fún ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́. Ní ti bí ọ̀rọ̀ ti le tó, ìpele mẹ́jọ ni:

- 0 `emerg`: ẹ̀rọ kò ṣeé lò mọ́
- 1 `alert`: kí a wá nǹkan ṣe lójú ẹsẹ̀
- 2 `crit`: ọ̀ràn ti le gan-an
- 3 `err`: àṣìṣe ti wáyé
- 4 `warning`: ìkìlọ̀
- 5 `notice`: ó yẹ ní kíkíyèsí, kì í ṣe ewu
- 6 `info`: ìròyìn lásán
- 7 `debug`: àlàyé kíkún fún àwọn tí ń wá àṣìṣe

Bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ọ̀rọ̀ ti le tó. A ó fi 8 sọ nọ́ńbà ẹ̀ka di púpọ̀, a ó sì fi nọ́ńbà ìpele kún un. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí `logger` bá fi ránṣẹ́ láìsí àlàyé, tí í ṣe `user.notice`, yóò gbé 13 lórí: 1 lọ́nà 8, pẹ̀lú 5. Àṣàyàn `-p` ni ó ń yí i padà:

`logger -t ipamo -p local3.err "Fáìlì 3 kò dé"`

Ìpín sí ẹ̀ka yìí ni ó jẹ́ kí a lè ya ọ̀rọ̀ ibi ìpamọ́ sọ́tọ̀ kúrò láàárín ariwo ẹ̀rọ. Bí alábòójútó bá fi ìlà `local3.*  /var/log/ipamo.log` sínú fáìlì kan lábẹ́ `/etc/rsyslog.d/`, tí ó sì tún rsyslog bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ka náà yóò ní ìwé tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní journald nìkan, `journalctl -t ipamo` yóò ṣa àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Àǹfààní ìyàsọ́tọ̀ yìí kò kéré, nítorí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ètò tí ń kọ ìlà kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ó dé láyọ̀ lè bo ìlà kan ṣoṣo tí ó sọ ti fáìlì tí kò dé mọ́lẹ̀.

4. Yorùbá nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ

Ó rọrùn láti sọ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ sínú àkọsílẹ̀ láìsí àmì ohùn kí wàhálà má bàa wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìlà bí “Fidio igba ti wole.” Ṣé fídíò 200 ni ó wọlé ni, àbí fídíò tí ó dá lórí igbá, àbí ti ìgbà kan? Ní ibi ìpamọ́ tí ó ní àwòrán igbá fínfín, ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣeé gbà, ẹni tí yóò sì ka ìlà náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọtọ́ Yorùbá òde òní kò ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀rí, apá kan ẹ̀rí náà ni a yọ. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ ni ibi tí àmì náà ti lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ibi márùn-ún ni ó hàn gbangba.

Èkíní ni ojú ìlà àṣẹ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi àmì ìpajẹ kọ ọ̀rọ̀ bí “n'ílé” àti “s'ọ́jà”. Lójú ètò tí ń gba àṣẹ, àmì yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ dì pọ̀. Bí kò bá rí ìkejì rẹ̀, yóò dúró, yóò sì máa retí ìyókù. Ẹni tí ó bá kọ “nílé” àti “sọ́jà” gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ ti wí kò ní bá ìṣòro yìí pàdé. Ẹni tí ó sì fẹ́ fa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yọ bí ó ti wà lè fi àmì ìdì oníméjì yí gbogbo rẹ̀ ká, kí ó sì ṣọ́ra fún `$` àti `!`, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀.

Èkejì ni àmì ìdánimọ̀. RFC 3164 kò fi àyè sílẹ̀ ju lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán lọ nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 32 lọ. RFC 5424 gba 48, ṣùgbọ́n láàárín àmì ASCII nìkan. Bí a bá fi `-t ìpamọ́` síbẹ̀, olùgbà lè rò pé àmì ìdánimọ̀ ti parí ní ibi tí kò tíì parí. Kí àmì ìdánimọ̀ wà láìní àmì ohùn, kí ọ̀rọ̀ inú ní àmì tirẹ̀ pé pérépéré: ìlànà tí ó dára nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni gígùn. Báìtì ni ẹ̀rọ ń kà, kì í ka lẹ́tà. Nínú UTF-8, *ọ*, *ẹ* àti *ṣ* ń gba báìtì mẹ́ta mẹ́ta. *À* àti *é* ń gba méjì méjì. Àmì ohùn tí a gbé lé *ọ* tàbí *ẹ* lórí ń gba méjì sí i. “Ẹ̀kọ́”, tí ojú kà ní lẹ́tà mẹ́ta, gba báìtì 11. RFC 3164 fi òpin 1024 báìtì lélẹ̀ fún odindi ọ̀rọ̀ kan, òpin yìí náà sì ni `logger` ń tẹ̀lé bí a kò bá fi `--size` yí i padà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ní àmì yóò dé ibi òpin náà ṣáájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iye lẹ́tà wọn dọ́gba, ibi tí ó sì ti máa gé lè jẹ́ àárín lẹ́tà kan. Kí a kọ ọ̀rọ̀ ṣókí. Bí ìròyìn bá gùn, kí a gbé e sínú fáìlì, kí àkọsílẹ̀ sì tọ́ka sí i.

Ẹ̀kẹrin ni olùgbà. RFC 3164 gbà pé ASCII ni ọ̀pọ̀ ń lò. RFC 5424 ni ó dárúkọ UTF-8. Rsyslog ní àṣàyàn kan tí ń yí gbogbo báìtì tí kì í ṣe ASCII padà sí nọ́ńbà. A kì í ṣí i sílẹ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé rsyslog sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí alábòójútó bá ṣí i, *ọ* yóò di `#341#273#215`, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a gbé lé e yóò sì di `#314#200`. Ọ̀rọ̀ náà kò sọnù, nítorí pé a lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò lè kà á mọ́. Ẹni tí ó bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí yóò wò.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣòro rí jù, nítorí pé ojú kò lè dá a mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ “ọ̀nà” ní Unicode. Bí kíbọ́ọ̀dù bá lo *ọ* odindi, tí ó gbé àmì ohùn lé e, tí ó sì lo *à* odindi, báìtì 8 ni. Bí ó bá ya gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà wọn, báìtì 9 ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *ò* odindi kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀, báìtì 7 ni. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú `grep`, tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí olùwádìí méjì bá ń lo kíbọ́ọ̀dù tí kò bára mu, ọ̀kan lè wá ọ̀rọ̀ tí èkejì kọ, kí ó má rí i, kí ó sì parí èrò sí pé iṣẹ́ náà kò wáyé rí. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìrísí kan náà kí ó tó wọ inú àkọsílẹ̀. Ètò `uconv`, tí ó bá àkójọ ICU wá, lè ṣe é:

`cat iroyin.txt | uconv -x any-nfc | logger -t ipamo -p local3.info`

Bí `logger` bá gba ọ̀rọ̀ báyìí dípò kí a tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé àṣẹ, ìlà kọ̀ọ̀kan fáìlì náà ni yóò di ìlà kan nínú àkọsílẹ̀. Ọ̀nà yìí tún ní àǹfààní mìíràn: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ tẹ̀lé àṣẹ máa ń hàn sí òǹlò mìíràn tí ó bá lo `ps` ní àkókò náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó gba ojú ọ̀nà yìí kọjá kì í hàn.

5. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ní ìwà kan tí ó yani lẹ́nu. Lórí Ubuntu, `/var/log/syslog` kò ṣí sílẹ̀ fún òǹlò lásán láti kà. Àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ `adm` ni ó lè kà á. Síbẹ̀, òǹlò lásán lè fi `logger` kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka ìwé náà lè fi kún un. Èyí nìkan kọ́: ó lè yan àmì ìdánimọ̀ tí ó bá wù ú. Bí ó bá kọ `-t sshd`, tí ó sì yan ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ìwọlé, ìlà rẹ̀ yóò jókòó láàárín àwọn ìlà tí sshd gan-an kọ, ní èdè kan náà àti ní ìrísí kan náà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni `logger` kò jẹ́ kí ènìyàn gbé wọ̀: bí a bá yan `kern`, yóò yí i padà sí `user`.

Rsyslog ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Bí ẹnìkan bá ti ìlà tuntun sínú ọ̀rọ̀ kan láti fi ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ni, yóò yí àmì ìlà tuntun náà padà sí `#012`, irọ́ náà yóò sì hàn. Ṣùgbọ́n fáìlì lásán kò ní ọ̀nà láti sọ ẹni tí ó kọ ìlà kan ní tòótọ́. Níbí ni journald ti ṣe àfikún tí ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé, kì í gba ohun tí olùfiránṣẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ nìkan. Ó ń béèrè lọ́wọ́ kernel pẹ̀lú. Ohun tí olùfiránṣẹ́ sọ yóò wà ní `SYSLOG_IDENTIFIER`. Ohun tí kernel jẹ́rìí sí yóò wà ní àwọn orúkọ tí ó fi àmì `_` bẹ̀rẹ̀, bí `_PID` àti `_UID`. Bí a bá lo `journalctl -t sshd -o verbose`, tí `_UID` sì jẹ́ ti òǹlò lásán, a ti mú ẹni tí ó gbé agbádá ẹlòmíràn wọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Àwọn orúkọ alámì yìí ni ó sì ń mú ọjọ́ náà yá. Ààlà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: `logger` kì í pẹ́ láyé. Ó lè ti parí iṣẹ́ kí journald tó ráyè wo orúkọ rẹ̀, tí `_COMM` kò fi ní hàn. `_PID` àti `_UID` ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn, nítorí náà wọn kì í sọnù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi `-n` ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mìíràn tún nílò ìṣọ́ra púpọ̀. Lójú ọ̀nà UDP, ní ojú ihò 514, kò sí ẹni tí ń béèrè ẹni tí o jẹ́, kò sì sí ìdáhùn pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ọ̀rọ̀ lè sọnù láìsí ẹni tí yóò mọ̀. RFC 5425 ti ọdún 2009 ṣe ọ̀nà tí a fi TLS bò, ní ojú ihò 6514, èyí tí ó yẹ kí ibi ìpamọ́ tí ó ní ẹ̀rọ púpọ̀ lò. Lórí ẹ̀rọ kan náà pàápàá, `logger` lè dákẹ́ nígbà tí kò bá sí olùgbà. Àṣàyàn `-s` wúlò níbi ìdánwò, nítorí pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà sójú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kíka àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ dé.

6. Ohun tí a kọ àti ohun tí yóò kù

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. `Logger` kò ní àṣẹ tí a fi ń pa ohun tí a ti kọ rẹ́. Bí ètò ìṣiṣẹ́ bá kọ orúkọ apohùn kan, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àkọsílẹ̀, gbogbo ẹni tí ó lè ka àkọsílẹ̀ náà ni yóò rí i, yóò sì bá àdàkọ rẹ̀ lọ síbi gbogbo. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà, ojúṣe ẹni tí ń pa ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn mọ́ kò sì parí sí fáìlì ohùn nìkan. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì tó fún àkọsílẹ̀. Kí orúkọ ènìyàn wà níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àìlèparẹ́ yìí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́. Ètò `logrotate` máa ń yí àwọn fáìlì àkọsílẹ̀ padà ní àsìkò tí a dá fún un, a sì máa ju èyí tí ó gbó jù nù. Journald náà ní òpin: bí a kò bá sọ òmíràn fún un, kì í gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè ìpamọ́ tí ó wà lọ, kò sì ní ju gígábáìtì 4 lọ. Bí ó bá dé ibẹ̀, èyí tí ó pẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ni pé ìlà tí ó sọ bí a ṣe kó ohùn kan jọ lè parẹ́ nígbà tí ohùn náà ṣì wà, tí ẹ̀rí ìran rẹ̀ sì ti lọ. Nítorí náà, kí a máa yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ibi ìpamọ́ jáde lóṣooṣù, pẹ̀lú àkókò tí ó ní ọdún nínú, kí a sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn fáìlì tí ó ń jẹ́rìí fún.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àṣẹ `logger` kéré, ìlànà lílò rẹ̀ kò sì gba ọjọ́ kan láti kọ́. Ohun tí ó gba àròjinlẹ̀ ni irú ẹlẹ́rìí tí a fẹ́ kí ó jẹ́. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí ó ní àmì pípé, ní ìrísí Unicode kan ṣoṣo, pẹ̀lú iye tí a fi nọ́ńbà kọ. Bí a bá fi ẹ̀ka tirẹ̀ fún un, tí a sì ń fi ohun tí kernel jẹ́rìí sí yẹ ohun tí olùfiránṣẹ́ wí wò. Bí a bá sì yọ ọ́ jáde kí ẹ̀rọ tó jù ú nù, àkọsílẹ̀ náà yóò ṣeé gbára lé. Bí a bá kùnà nínú ọ̀kan lára wọn, ìlà náà lè wà síbẹ̀ kí ó má lè dáhùn ìbéèrè tí a torí rẹ̀ kọ ọ́. Fún ẹ̀ka ìmọ̀ tí ń sáré kó ohùn àwọn àgbà jọ kí wọ́n tó lọ, ìlà tí kò lè dáhùn kò sàn ju ìlà tí a kò kọ lọ.